Wọ́n ní ká gbé ọmọ wa lọ sọ́dọ̀ dókítà ọkàn, báwo ni kí n ṣe múra sílẹ̀?

Ìyá_Mofẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, ikọ́ lásán la gbé e lọ fún lọ́sẹ̀ tó kọjá. Dókítà gbé rọ́bà tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lé e, ó gbọ́, ó tún gbọ́, ó ní kó dùbúlẹ̀, ó ní kó dìde jókòó, ló bá dákẹ́. Mo ti mọ̀ pé nǹkan wà ńbẹ̀. Ó ní òun ń gbọ́ ohùn kan tó ń kùn láàárín bí ọkàn ẹ̀ ṣe ń lù, pé murmur ni wọ́n ń pè é, pé ó lè má jẹ́ nǹkan kan ṣùgbọ́n òun máa kọ lẹ́tà fún wa kí dókítà tó jẹ́ pé ọkàn ọmọdé nìkan ló ń wò bá wa yẹ̀ ẹ́ wò. Ọjọ́ méjìlá ló kù. Láti ọjọ́ náà mi ò sùn dáadáa, tó bá ti sùn màá lọ gbé etí lé e láyà, mi ò dẹ̀ mọ ohun tí mò ń gbọ́. Ó ń ṣeré o, ó ń sáré, ó ń jẹun, lójú tèmi kò sí ohun tó ṣe é. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé kí ni wọ́n máa ṣe fún un lọ́hùn-ún, kí ni kí n mú dání, kí ni kí n bi dókítà, àti pé ṣé kí n sọ fún ọmọ náà ni àbí kí n kàn gbé e lọ. Bàbá ẹ̀ ní ká má sọ nǹkan kan fún un.

Bàbá_Ìbejì
Ẹ pẹ̀lẹ́ Ìyá Mofẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì wa, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, ohun kan náà gẹ́lẹ́ ni wọ́n sọ fún wa. Ibà ló ń ṣe é lọ́jọ́ náà. Nígbà tá a débẹ̀ wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, dókítà ní ọkàn ẹ̀ pé, kò sí ihò, kò sí ibi tó dí, ẹ̀jẹ̀ tó ń sáré kọjá ló ń dún yẹn, bí omi ṣe máa ń dún nínú páìpù. Ó ní ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń ní irú ẹ̀ nígbà kan tàbí òmíràn kí wọ́n tó dàgbà, àti pé ibà tàbí àìtó ẹ̀jẹ̀ lára máa ń jẹ́ kó dún sókè sí i. Èyí tó wọ́pọ̀ jù láàárín ọmọ ọdún méjì sí méje, orúkọ dókítà kan, George Still, ni wọ́n fi ń pè é torí òun ló kọ nípa ẹ̀ ní 1909, ó ní ó dà bí ìgbà tí wọ́n fa okùn le tí wọ́n wá ta á. Tí ọmọ bá dùbúlẹ̀ ó máa ń ròkè, tó bá dìde ó máa ń rẹlẹ̀, bóyá ìdí tí dókítà yín fi ní kó dùbúlẹ̀ kó tún jókòó nìyẹn.

Mi ò sọ pé bí tiyín náà ṣe rí nìyẹn o, mi ò lè mọ̀, rọ́bà nìkan náà ò lè fi gbogbo ẹ̀ hàn, ìdí tí wọ́n fi ní kẹ́ ẹ wá nìyẹn. Ohun tí mò ń sọ ni pé lẹ́tà yẹn kì í ṣe ìdájọ́. Ẹ yéé gbé etí lé e láyà lóru, ẹ jẹ́ kó sùn kí ẹ̀yin náà sùn.

Nọ́ọ̀sì_Ọmọdé
Ẹ kú ìrọ́jú mà. Yàrá tí wọ́n ti ń ya àwòrán ọkàn àwọn ọmọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọjọ́ náà ṣe máa ń lọ. Wọ́n á kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, wọ́n á tún wọn gíga ẹ̀, ẹ má rò pé eré ni, ọmọ tí ọkàn ẹ̀ bá ń ṣe làálàá jù kì í fi bẹ́ẹ̀ sanra, ìwọ̀n yẹn náà la dẹ̀ fi ń ṣírò oògùn tí oògùn bá wà. Wọ́n á fi nǹkan kékeré kan tó ní iná pupa há a níka ọwọ́ tàbí ti ẹsẹ̀, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ló ń kà, 95 sókè ló sábà máa ń wà. Wọ́n á wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lápá, wọ́n sì lè wọ̀n ọ́n lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ̀rù má bà yín. Tí òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti inú ọkàn jáde bá fún níbì kan, ti apá máa ń ga ju ti ẹsẹ̀ lọ, ibẹ̀ la ti ń fura. Fún ìdí kan náà dókítà máa fọwọ́ kan ibi tí itan ti pàdé ikùn, ó ń wá bí iṣan ṣe ń lù níbẹ̀ ni. Ẹ ti sọ ọ́ fún ọmọ náà ṣáájú, pé dókítà máa fọwọ́ kàn án níbẹ̀, pé màmá ẹ̀ wà ńbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ECG. Sítíkà ni wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ọn láyà, lápá àti lẹ́sẹ̀, wọ́n á wá so wáyà mọ́ ọn. Iná kankan ò wọ ara ọmọ o! Ọkàn fúnra ẹ̀ ló ń ṣe iná kékeré tó fi ń lù, ẹ̀rọ yẹn kàn ń kà á ni. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, tó bá ṣáà ti lè dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Ohun tó ń pa wọ́n lẹ́kún jù ni ìgbà tí wọ́n bá ń ṣí sítíkà kúrò. Ẹ má fi ìpara tàbí òróró pa á láyà láàárọ̀ ọjọ́ náà, sítíkà ò ní lẹ̀. Kó wọ aṣọ òkè lọ́tọ̀, ti ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, torí tó bá jẹ́ gáùn gígùn kan ló wọ̀, gbogbo ẹ̀ lẹ máa bọ́ òtútù á wá máa mú un.

Echo, ìyẹn àwòrán ọkàn tí wọ́n máa yà, ló ń gba àkókò, bí ìṣẹ́jú 30 sí 60. Irú síkáànì tí wọ́n ń ṣe fún aláboyún ni, kò sí abẹ́rẹ́ ńbẹ̀, kì í dẹ̀ ṣe ẹ́síréè. Wọ́n á pa iná yàrá, á dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, wọ́n á fi jẹ́lì sí i láyà, wọ́n á wá máa fi ẹ̀rọ kékeré tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ ìhà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ níbi kòtò ọrùn, ti ọrùn yẹn làwọn ọmọ kì í fẹ́. Ẹ wa kàtúùnù tó fẹ́ràn sórí fóònù kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ má gbójú lé íntánẹ́ẹ̀tì ọsibítù, kí bátìrì kún dáadáa.

Ohun mẹ́ta kan wà tó máa ń já àwọn òbí láyà nínú yàrá wa tí kò yẹ kó já wọn láyà. Ìkíní, àwọ̀ pupa àti búlúù tó máa hàn lójú ẹ̀rọ. Àwọn òbí máa ń rò pé búlúù ni ẹ̀jẹ̀ tí kò dáa. Rárá o, pupa ni ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ sọ́dọ̀ ẹ̀rọ tá a gbé lé àyà, búlúù ni èyí tó ń lọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èkejì ni ariwo, tá a bá tẹ bọ́tìnnì kan ẹ máa gbọ́ ṣùù ṣùù ṣùù, ó máa ń ròkè, ohùn ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn ni. Ẹ̀kẹta ni ìdákẹ́jẹ́ ẹni tó ń ya àwòrán. Á dákẹ́, á tẹjú mọ́ ibì kan, á tún padà síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á sí nǹkan kan. Ó ń wọn nǹkan ni, ní ọ̀pọ̀ ibi wọn ò dẹ̀ gbà á láyè kó sọ ohun tó rí, dókítà ló máa sọ ọ́. Mo ti rí ìyá tó sunkún látìbẹ̀rẹ̀ dópin nítorí pé mò ń dákẹ́, ọkàn ọmọ ẹ̀ dẹ̀ pé.

Ìyá_Dárà
Nọ́ọ̀sì ẹ ṣeun, ká ní mo ti ka èyí lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn ni.

Ìyá Mofẹ́, ihò wà lọ́kàn ọmọ tèmi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe tí kò dáa lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kí ẹ̀yin má bàa ṣe é. Mo múra o, mo di báàgì, mo kó aṣọ, mo kó gbogbo nǹkan, àmọ́ mi ò múra ẹnu mi sílẹ̀. Dókítà bi mí pé ṣé ó máa ń làágùn tó bá ń mu ọmú, mo ní rárá. Ó ní ṣé ó máa ń sinmi láàárín kó tó mu ún tán, mo ní rárá, ó ń mu dáadáa. Ojú ọ̀nà ilé ni mo ti rántí pé aṣọ ìrọ̀rí ọmọ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mò ń pààrọ̀ ẹ̀ lóru, òógùn ṣáà ni. Mo rò pé ooru ni. Ọmú mímu tí ọmọ ẹlòmíì ń parí ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ti Dárà máa ń tó wákàtí kan, á mu díẹ̀, á sùn, á jí, á tún mu. Òun ni àkọ́bí mi, mi ò mọ̀ pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé mo parọ́ fún dókítà, ẹ̀rù ló gba gbogbo ẹ̀ kúrò lórí mi.

Torí náà ẹ wá ìwé kékeré kan láti òní. Lójoojúmọ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí, ìlà méjì ti tó. Ṣé ó máa ń dúró mí nígbà táwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣì ń sáré? Ṣé ó máa ń ní kẹ́ ẹ gbé òun? Ṣé ó ti dákú rí, pàápàá tó bá jẹ́ pé ìgbà tó ń sáré lọ́wọ́ tàbí ìgbà tí nǹkan dẹ́rù bà á ni? Ṣé ó máa ń ní àyà ń dun òun tàbí pé àyà òun ń lù kìkìkì? Ní ti kí ara dà bíi búlúù, ẹ má wo awọ nìkan, lára ọmọ tó dúdú a kì í tètè rí i, ẹ wo ahọ́n ẹ̀, ẹ wo ìdí eyín, ẹ wo èékánná, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Tó bá ti sùn, dípò kẹ́ ẹ gbé etí lé e láyà, ẹ ka bó ṣe ń mí fún odindi ìṣẹ́jú kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má ka ìlàjì ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ di méjì, mímí ọmọdé kì í dọ́gba. Ọmọ ọdún kan sí márùn-ún tó bá ń mí tó 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsunkún láìsáré, ó ti yára jù nìyẹn. Fún ọmọ oṣù méjì sí mọ́kànlá, 50 ni. Ohunkóhun tó bá dẹ̀ ṣe lójijì tí kò yé yín, ẹ fi fóònù gba fídíò ẹ̀, kódà kó jẹ́ ìdajì ìṣẹ́jú. Fídíò kékeré kan tí mo gbà nípa bí abẹ́ ìhà Dárà ṣe ń wọnú tó bá ń mí, òun ló yé dókítà ju gbogbo àlàyé mi lọ.

Nínú báàgì, lẹ́tà dókítà àkọ́kọ́, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára torí ìwọ̀n ara ẹ̀ láti kékeré wà ńbẹ̀, oògùn tó bá ń lò pẹ̀lú páálí ẹ̀, èsì àyẹ̀wò àtijọ́ tó bá wà. Wọ́n á bi yín nípa oyún ẹ̀ náà, ó pé oṣù àbí kò pé, ṣé ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà nígbà yẹn, ṣé ara yín ya èéyi tòun ti ibà ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, oògùn wo lẹ lò. Kì í ṣe pé wọ́n ń dá yín lẹ́bi, ibi tí ọkàn ọmọ ti ń di odindi ni ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ nínú oyún, ìgbà tí ẹlòmíì ò tíì mọ̀ pé òun lóyún pàápàá.

Ti ìbéèrè, ẹ kọ ọ́ síwájú ìwé yẹn, ẹ má ju márùn-ún lọ, ẹ fi èyí tó ká yín lára jù ṣáájú. Kí lorúkọ ohun tẹ́ ẹ rí, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ya ọkàn fún mi sórí ìwé kẹ́ ẹ fi hàn mí níbi tó wà (wọ́n máa ń yà á, dókítà tiwa yà á sẹ́yìn páálí, ó ṣì wà lọ́wọ́ mi). Kí ló lè máa ṣe, kí ni kó má ṣe. Kí ni mo máa rí tí màá fi gbé e wá kíá. Ìgbà wo la máa padà wá. Ẹ dẹ̀ mú ẹnì kejì dání tó máa máa kọ̀wé, torí tí wọ́n bá ti dárúkọ àìsàn, etí òbí máa ń dí fún ìyókù.

Ìyá_Mofẹ́
Mò ń sunkún mò ń ka àwọn nǹkan tẹ́ ẹ kọ yìí, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo kà á lálẹ́ àná, 24 ni, mo tún kà á, 23. Ahọ́n ẹ̀ pupa dáadáa. Ìbéèrè méjì, ṣé kò ní jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà ni? Àti pé tó bá ń sunkún tí kò gbà ńkọ́, ọmọ yẹn máa ń jà tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án.

Nọ́ọ̀sì_Ọmọdé
Echo lásán ò ní kó má jẹun, ẹ jẹ́ kó jẹun dáadáa kẹ́ ẹ sì mú ìpápánu dání, ebi ló ń sọ ọmọ di oníjà. Àfi tí wọ́n bá sọ pé àwọn máa fún un ní oògùn tó máa mú un sùn, àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta ló sábà máa ń nílò ìyẹn. Níbi púpọ̀, tí oògùn oorun bá wà, oúnjẹ àti mílíìkì inú agolo á dúró ní wákàtí 6 ṣáájú, ọmú ìyá wákàtí 4, omi lásán wákàtí 2, àmọ́ ohun tí ọsibítù yín bá kọ fún yín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ béèrè. Tó bá ń sunkún a máa ń dúró de, ó lè jókòó lẹ́sẹ̀ yín ká ṣe é fún un níbẹ̀, a ti ṣe é fún ọmọ tó ń jẹ bisikíìtì lọ́wọ́ rí.

Ohun kan ṣáá o, ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín yẹn, ọmọ tí ara ẹ̀ le ni wọ́n dá a fún. Tí ọmọ bá dákú, tí ètè tàbí ahọ́n ẹ̀ bá yí padà di búlúù tàbí bí eérú, tó bá ń mí fúkẹ́fúkẹ́ tí kò lè sọ̀rọ̀ tàbí mu ọmú, ẹ má dúró de ọjọ́ kankan, pàjáwìrì nìyẹn, ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Oògùn tó bá dẹ̀ ń lò tẹ́lẹ̀, ẹ má dá a dúró fúnra yín nítorí pé ẹ fẹ́ lọ ṣàyẹ̀wò.

Àpá_Àyà
Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ pé kẹ́ ẹ má sọ fún ọmọ náà. Èmi ni ọmọ yẹn. Mo ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ọmọ ọdún mẹ́fà ni mo wà tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi lọ́kàn, Tetralogy of Fallot ni wọ́n bí mi mọ́, àìsàn ọkàn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró dáadáa. Tí mo bá sáré díẹ̀ màá lọ lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sẹ́ni tó kọ́ mi, ara mi ló mọ̀ pé ìlóṣòó yẹn máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ráyè lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ìgbà àkọ́kọ́ tá a lọ, màmá mi sọ fún mi pé a fẹ́ lọ kí èèyàn. Mo wọ bàtà mi tuntun. Ìgbà tí mo rí bẹ́ẹ̀dì àti wáyà, kì í ṣe wáyà ló bà mí lẹ́rù jù, màmá mi ni. Mo rò pé tí èyí bá lè jẹ́ irọ́, kí lòótọ́? Ó pẹ́ kí n tó tún gbà pé a fẹ́ lọ kí èèyàn lóòótọ́. Ìgbà kejì ó jókòó tì mí, ó sọ gbogbo ẹ̀, wọ́n á fi nǹkan tútù sí ẹ láyà, wọ́n á pa iná ṣùgbọ́n mo wà ńbẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n máa gba ẹ̀jẹ̀, tí mo bá mọ̀ màá sọ fún ẹ kí wọ́n tó ṣe é. Mo sunkún lọ́jọ́ kejì náà o, àmọ́ mo di ọwọ́ ẹ̀ mú. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀.

Nǹkan míì wà tí àwa tó ń sọ Yorùbá gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Ọ̀rọ̀ yìí, ọkàn, nǹkan méjì ni lẹ́nu wa. Wọ́n máa ń sọ ọ́ lórí mi pé "ọkàn ọmọ yìí ò dáa," "ọkàn ẹ̀ ló ní ìṣòro." Àwọn kan náà ló ń sọ fún mi pé èèyàn tí ọkàn ẹ̀ ò dáa ni èèyàn burúkú. Kí ni ọmọ ọdún márùn-ún máa rò? Mo rò pé mo burú ni. Mo rò pé nítorí mo ja nǹkan gbà lọ́wọ́ àbúrò mi ni wọ́n ṣe fẹ́ la àyà mi. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni títí mo fi dàgbà. Torí náà ẹ bá mi sọ fún Mofẹ́ pé ohun tó ń lù kì-kì nínú àyà ẹ ni dókítà fẹ́ wò, ẹ gbé ọwọ́ ẹ̀ lé e kó mọ̀ ọ́n lára, ẹ dẹ̀ sọ ọ́ ketekete pé kò sí ohun burúkú tó ṣe, kì í ṣe ìyà. Ẹ jẹ́ kó fi bèbí ẹ̀ ṣe dókítà, kó lẹ sítíkà mọ́ bèbí láyà. Ẹ má dẹ̀ sọ pé kò ní dùn ún tẹ́ ò bá mọ̀.

Bàbá_Ìbejì
Bọ̀ọ̀dá, ọ̀rọ̀ ọkàn méjì yẹn wọ̀ mí lára, èmi náà ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lójú ọmọ. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìgbà tó yẹ ká sọ fún wọn, torí àwa tètè sọ ọ́ jù. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú la ti sọ fún ọmọ ọdún mẹ́ta, lójoojúmọ́ ló ń béèrè pé ṣé òní ni, kò sùn mọ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé. Ọmọ kékeré ò mọ ọ̀sẹ̀ méjì. Lójú tèmi ọjọ́ kan tàbí méjì ti tó fún ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọmọ ọdún mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, ẹ tètè sọ fún un kó lè béèrè ohun tó fẹ́ béèrè.

Àpá_Àyà
Òótọ́ lẹ sọ sà, ọjọ́ méjì tó. Ó ṣáà ní láti gbọ́ ọ lẹ́nu òbí ẹ̀ kó tó rí i lójú.

Màmá_Àgbà
Ẹ̀yin ọmọ mi, mò ń ka ọ̀rọ̀ yín látìgbà yìí. Kò sẹ́ni tó tíì sọ nípa ẹbí. Ìyá Mofẹ́, kí ọjọ́ náà tó pé, pe ìyá rẹ, kí ọkọ rẹ pe ìyá tiẹ̀ náà, ẹ béèrè ta ló kú lójijì kó tó pé àádọ́ta ọdún, ta ló máa ń dákú, ta ni wọ́n bí pẹ̀lú àìsàn ọkàn, ṣé ọmọ kankan wà tó kú sójú oorun tàbí tó rì sínú omi bẹ́ẹ̀ ó sì mọ omi wẹ̀. Dókítà máa béèrè. Àwa àgbà la máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, orí pápá ló ṣubú sí tí kò dìde mọ́. Ọgbọ̀n ọdún ni kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀ nílé wa, wọ́n ní ká má sọ ọ́. Ìgbà tí ọmọ ọmọ mi dákú níbi eré ìje tí dókítà béèrè, ìyá ẹ̀ ní kò sí, èmi ni mo dìde nínú ilé ìwòsàn tí mo sọ ọ́. Wọ́n yẹ ọmọ náà wò, iṣan ọkàn ẹ̀ ló nípọn jù, ohun tó máa ń rìn nínú ẹbí ni. Gbogbo àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni wọ́n yẹ̀ wò lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n rí i lára ẹnì kan míì tí nǹkan kan ò dùn ún rárá. Ìtìjú ò tó nǹkan tá a fi ń gbé ọmọ pamọ́ fún dókítà.

Ayé ti yàtọ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọmọ tí ara ẹ̀ bá ń di búlúù, wọ́n á kàn ní ẹ lọ máa tọ́jú ẹ̀ nílé ni.

Àpá_Àyà
Màmá, ẹ kú ìrántí bọ̀ọ̀dá yín, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́. Ní ti àwọn ọmọ búlúù yẹn, obìnrin kan ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbìyànjú iṣẹ́ abẹ fún wọn, Dókítà Helen Taussig ní Baltimore, Amẹ́ríkà. Etí ẹ̀ ò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ìka ọwọ́ ló fi ń mọ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù. Ní November 1944, Dókítà Alfred Blalock ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọdún méjì, Vivien Thomas, òṣìṣẹ́ yàrá ìwádìí Blalock, tó ti fi ajá dánra wò lórí ọ̀nà yẹn títí, dúró sẹ́yìn ẹ̀, ó ń sọ fún un bó ṣe máa rán an. Irú àìsàn tèmi gan-an ni. Mo máa ń rántí wọn.

Ìyá_Mofẹ́
Ọ̀la ni o. Mo pe ìyá mi, bàbá Mofẹ́ náà pe àwọn tiẹ̀, kò sí nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa àfi àǹtí bàbá ẹ̀ kan tó máa ń dákú nígbà èwe, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Bàbá ẹ̀ ka ọ̀rọ̀ Bọ̀ọ̀dá Àpá_Àyà, kò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mélòó kan, ló bá dìde lọ bá ọmọ náà fúnra ẹ̀ lánàá ó sọ fún un. Ó gbé ọwọ́ ẹ̀ lé e láyà. Ohun tó béèrè ò ju pé ṣé jẹ́lì náà máa wọ inú òun lọ. Ẹ bá wa gbàdúrà.

Ìyá_Dárà
Ọlọ́run á wà níbẹ̀. Ẹ sùn o.

Ìyá_Mofẹ́
A ti dé. Ẹ má bínú pé mi ò tètè kọ̀wé, nígbà tá a délé àná oorun ló gbé gbogbo wa lọ.

Ihò kékeré kan wà. Ara ògiri tó wà láàárín yàrá ìsàlẹ̀ méjèèjì nínú ọkàn, níbi tó jẹ́ iṣan. Dókítà yà á fún wa lóòótọ́. Ó ní nítorí pé ihò náà kéré ló ṣe ń pariwo, ẹ̀jẹ̀ ń fi agbára gba ojú tóóró kọjá, ihò ńlá lè má dún tó bẹ́ẹ̀. Ọkàn ẹ̀ ò tóbi jù, ọ́síjìn ẹ̀ 99. Kò sí oògùn, kò sí iṣẹ́ abẹ, kó máa sáré kó máa ṣeré bó ṣe fẹ́, irú ihò yẹn púpọ̀ ló máa ń dí fúnra ẹ̀, ká padà wá lẹ́yìn ọdún kan. Ìbéèrè mi kẹta ni ti eyín torí mo gbọ́ pé ìdọ̀tí ẹnu lè wọ ọkàn, ó ní lóòótọ́ ni, kòkòrò ẹnu lè gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ bá ọkàn tó ní ihò, pé kò nílò oògùn kí wọ́n tó wo eyín ẹ̀ nínú irú tiẹ̀ ṣùgbọ́n ká máa fọ eyín láàárọ̀ àti lálẹ́, ká má jẹ́ kí eyín ẹ̀ jẹrà.

Nọ́ọ̀sì, ṣùù ṣùù yẹn dún, ẹsẹ̀ mi gbọ̀n, mo rántí yín. Arábìnrin tó ń yà á dákẹ́, ó dúró síbì kan, ó sún un mọ́lẹ̀, ó tún dúró, mo sọ fún ara mi pé ó ń wọn nǹkan ni. Ó ń wọn nǹkan lóòótọ́, ihò náà ló ń wọ̀n, àmọ́ mo lè jókòó. Mofẹ́ ò sunkún fún jẹ́lì o, sítíkà ló sunkún fún bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mi ò lè sọ pé inú mi dùn pátápátá, ihò ni ihò ń jẹ́ létí ìyá. Mo sunkún nígbà tá a jáde. Ṣùgbọ́n mo mọ orúkọ ẹ̀ báyìí, mo mọ ibi tó wà.

Bàbá_Ìbejì
Ẹ kú ewu o. A dúpẹ́.

Àpá_Àyà
Ẹ kú ìfaradà mà. Ẹ gba ẹ̀dà èsì echo náà, ẹ yà á sínú fóònù, ẹ wá fáìlì kan fún un láti ìsinsìnyí. Mo ti pààrọ̀ dókítà lẹ́ẹ̀mẹrin láyé mi, ẹni tuntun kọ̀ọ̀kan ló ń béèrè ti àtẹ̀yìnwá, ìwé tí màmá mi kó pamọ́ ló ń gbà mí.

Ìyá_Ọmọ_Oṣù_Méje
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dákun, mo bá ìjíròrò yìí pàdé lónìí. Tiwa jẹ́ Thursday, ọmọkùnrin oṣù méje, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n fún un ní oògùn oorun kó lè dúró jẹ́ẹ́ fún echo. Ọmú nìkan ló ń mu. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n dá fún wa. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣe é.

Nọ́ọ̀sì_Ọmọdé
Ẹ kú oríire ọmọ mà. Ẹ pè wọ́n lónìí, ẹ bi wọ́n ní wákàtí tí wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ dá ọmú dúró, kí wọ́n sọ aago gan-an fún yín. Tí wọ́n bá ní wákàtí 4, ẹ jí i ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí kó mu ún yó, kó dẹ̀ parí kó tó di aago márùn-ún. Ẹ má fún un mọ́ bó ti wù kó sunkún, torí tó bá bì nígbà tí oògùn oorun wà lójú ẹ̀, èébì lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó máa gbé e lọ́nà, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹlòmíì, ọmọ tó ń gbóòórùn ọmú ìyá ẹ̀ kì í gbà. Tí ikọ́, ibà tàbí ikun imú bá bẹ̀rẹ̀ láàárín òní sí Thursday, ẹ sọ fún wọn kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, wọ́n lè sún ọjọ́ náà síwájú. Ẹ dẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwé kékeré yẹn lálẹ́ òní, ẹ kọ bó ṣe ń mu ọmú sí i.